Ìwé Wo Ni Kí Á Dì Sẹ́rù Lọ sí Trinidad?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òǹkàwé wa sọ ní gúúsù London. Mo fi í sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, àwàdà inú rẹ̀ náà wà níbẹ̀.)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ lọ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo rí yín o, ẹ kú ìkàlẹ̀. Alága, ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láàyè. Wọ́n ní ogójì ìṣẹ́jú ni tèmi. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélógún ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé, tí ẹ wá ní kó sọ̀rọ̀ ìwé, ẹran lẹ gbé fún ológbò ṣọ́ yẹn.

Mẹ́rìnlá nínú yín ló ń lọ sí Trinidad, erékùṣù Kàríbíánì, ní ìparí oṣù Keje, kí ẹ lè bá wọn ṣe ọjọ́ ìdáǹdè kúrò lóko ẹrú, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mọ́mì kan nínú yín pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ìyá Táyọ̀, ìwé wo ni kí n rà?" Mo ní, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ìwé náà ṣe?" Wọ́n ní, "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo fẹ́ kà á ni!" A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi kì í ṣe eré. Kí la fẹ́ fi ìwé ṣe nígbà tí a bá ń lọ sájò?

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ìwé kankan kò lè yọ ojú onílé fún àlejò. Ohun tí ìwé lè ṣe pín sí méjì: ó lè sọ ibi tí nǹkan wà fún yín, ó sì lè sọ ẹni tí ẹ ń lọ bá fún yín. Iṣẹ́ méjì ni, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ìwé kan ṣoṣo ṣe méjèèjì. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé èèyàn á ra ìwé àkọ́kọ́ yẹn, á kà á tán, á wá rò pé òun ti mọ ìlú.

Ẹ jẹ́ ká tibi ìwé atọ́nà bẹ̀rẹ̀.

Ní 2009, nígbà tí Táyọ̀ fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀, ọmọ Trinidad, àwọn àna wa ní ká wá kí ilé. Mo rí ìwé atọ́nà kan lórí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, pọ́n-ùn kan péré. Mo rò pé mo jèrè. A dé Port of Spain, olú ìlú wọn, mo ní kí ọlọ́kọ̀ gbé wa lọ sí ilé àlejò kan tí ìwé náà yìn gidigidi: yàrá mẹ́fà, ọgbà òdòdó, ìyá àgbà kan tó máa ń fúnra rẹ̀ po tíì fún àlejò. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ń pa ihò táyà níbẹ̀. Ọ̀gá tó ń pa táyà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó wò mí, ó ní ìyá àgbà yẹn ti kú kí òun tó kọ́ṣẹ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Àbúrò mi ọkùnrin tó bá wa lọ wọ ṣòkòtò aláwọ̀ ṣójà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ káàkiri níbí. Ní Trinidad, òfin kò gba ará ìlú láyè láti wọ aṣọ aláwọ̀ ṣójà. Òfin ni o, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pápákọ̀ òfuurufú ló ti pààrọ̀ aṣọ, kò sì rí ṣòkòtò yẹn mọ́. Ìwé mi kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí ẹ̀yìn ojú ewé àkọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. 1994! Èmi, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé! Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ọdún ìtẹ̀jáde ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò!

Nítorí náà, kí ẹ tó wo àwòrán etíkun tó wà lẹ́yìn ìwé, ẹ wo ọdún. Kí ẹ sì rántí pé ẹni tó kọ ìwé náà ti rin ìlú náà ṣáájú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ìròyìn inú rẹ̀ dàgbà ju ọdún tí ẹ rí lọ. Iye owó yàrá, ilé oúnjẹ, aago tí ọkọ̀ ojú omi ń gbéra láti Port of Spain lọ sí Scarborough ní Tobago, erékùṣù kejì tí wọ́n jọ jẹ́ orílẹ̀-èdè kan, ẹ má gba ìwé gbọ́ lórí wọn. Ẹ wò wọ́n lórí fóònù yín lọ́sẹ̀ tí ẹ ń lọ.

Lẹ́yìn ọdún, kí ló kàn? Ẹ wo ibi tí ìwé náà gbé dé. Àwọn ìwé kan wà tó kó gbogbo erékùṣù Kàríbíánì pọ̀, láti Cuba títí dé Trinidad. Ẹni tó ń fò láti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn ni wọ́n kọ irú wọn fún. Ẹ̀yin kò fò kiri, ibì kan lẹ ń lọ. Ìwé tó jẹ́ ti Trinidad àti Tobago nìkan ni kí ẹ rà. Rough Guide, àwọn tó ń tẹ ìwé atọ́nà, ti ṣe irú rẹ̀ jáde, àwọn mìíràn náà wà. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí? Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjì.

Ìwé tó kó gbogbo erékùṣù pọ̀ á sọ fún yín pé láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kọkànlá, ìjì líle ń jà ní Kàríbíánì, ẹ ṣọ́ra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Trinidad wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan Venezuela, bí kìlómítà mọ́kànlá péré ló wà láàárín wọn níbi tí wọ́n ti súnmọ́ra jù. Òkè rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjì ń gbà kọjá. Tobago ni ó gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1963, nígbà tí ìjì tí wọ́n pè ní Flora ba oko kòkó àti oko àgbọn wọn jẹ́. Ẹni tó bá sì torí ẹ̀rù ìjì sún ìrìn-àjò rẹ̀ síwájú, kò ní bá àwọn ìjàpá òkun ńlá tó máa ń gòkè wá yé ẹyin ní Matura àti Grande Riviere láti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ. Ẹ̀yin lè bá ìparí rẹ̀ o. Ẹ gba ìwé àṣẹ, kí ẹ sì bá afinimọ̀nà lọ, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn kàn ṣàdédé wọ etíkun yẹn lóru.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ńkọ́? Dánfó tiwọn ni maxi taxi. Funfun ni gbogbo rẹ̀, ìlà àwọ̀ tó yí i ká ló ń sọ ibi tó ń ná: ìlà aláwọ̀ ìyeyè fún Port of Spain àti agbègbè rẹ̀, pupa fún ọ̀nà ìlà-oòrùn, aláwọ̀ ewé fún gúúsù. Kaabú-kaabú wà tí ẹ kò ní mọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀ aládàáni, àfi lẹ́tà H tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀. Ìwé tí kò bá sọ èyí, tó jẹ́ pé "ẹ háyà mọ́tò" nìkan ló mọ̀, ọlọ́rọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Mo ní ìdánwò kan tí mo máa ń fún ìwé atọ́nà ní ìdúró nínú ṣọ́ọ̀bù. Ojú ewé oúnjẹ ni mo máa ń ṣí. Tí ó bá kàn ní oúnjẹ wọn ta sánsán, ó sì dùn, mo dá a padà sórí pẹpẹ. Tí ó bá sọ fún mi pé àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń jẹ doubles lẹ́bàá títì, pé bara, búrẹ́dì díndín pẹlẹbẹ, méjì ni wọ́n fi ń gbé channa, irú ẹ̀wà kan, pé èèyàn gbọ́dọ̀ sọ iye ata tó fẹ́ kí wọ́n tó dà á sí i, mo mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ti dúró lórí ìlà níbẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń pera yín ní alátajẹ, ẹ rọra o. Ẹ sọ pé "slight". Mo fẹnu ara mi sọ pé "plenty" lọ́jọ́ kìíní, ojú mi rí nǹkan.

Mo kúrò lórí ìwé atọ́nà. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìwé ìtàn.

Ẹnu oníǹkan la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Ẹni tó kọ ìtàn Trinidad tí gbogbo èèyàn ṣì ń bá jiyàn ni Eric Williams. Ọ̀mọ̀wé ni kó tó di olóṣèlú. Ní 1944 ó tẹ ìwé kan tó fi sọ pé owó òwò ẹrú wà lára ohun tó bọ́ ilé iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àti pé kì í ṣe àánú nìkan ló mú kí wọ́n fòpin sí oko ẹrú. Nígbà tó wá di olórí ìjọba, ó kọ ìtàn àwọn èèyàn Trinidad àti Tobago, ó sì mú un jáde fún òmìnira wọn, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1962. Ẹ fojú inú wò ó ná: olórí ìjọba tó ń múra òmìnira, tó tún ń kọ ìwé! Ìwé náà gbóná. Ẹ kà á bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ olóṣèlú ní gbàgede, nítorí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni. Ní Woodford Square ní Port of Spain ló ti máa ń kọ́ ará ìlú ní ìtàn ní ìta gbangba. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ka ti Bridget Brereton, 1981, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1783 dé 1962. Ìyẹn kò pariwo. Tí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ lè gbé, ti Brereton ni kí ẹ gbé.

Kí ló dé tí ó fi bẹ̀rẹ̀ láti 1783? Ọwọ́ Spain ni Trinidad wà láti ayé Columbus, tó rí i ní 1498, ṣùgbọ́n èèyàn kò pọ̀ níbẹ̀. Ní 1783, ọba Spain pàṣẹ pé kí àjèjì tó bá jẹ́ Kátólíìkì wá gba ilẹ̀, kí ó sì kó ẹrú rẹ̀ dání. Àwọn Faransé ya wọlé, àti funfun àti dúdú. Ní 1797, Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà. Ọba Spain, èdè Faransé, òfin Gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀yin ẹ wo pátákó ọ̀nà nígbà tí ẹ bá ń lọ, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. San Fernando, Spain. Blanchisseuse, Faransé. Chaguanas àti Arima, àwọn onílẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀. Fyzabad àti Barrackpore, Íńdíà. Ẹni tó bá ti ka ìtàn á máa ka pátákó bí ẹni ń ka oríkì. Ẹni tí kò kà á, pátákó lásán ló rí.

Ó kan ìwé ìtàn àròsọ, ibẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ìyá Táyọ̀, àròsọ ni, irọ́ ni, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà kejì tí mo lọ, 2013, mo ka ìwé V.S. Naipaul, ti 1961, tó dá lórí Mr Biswas, ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ilé tara rẹ̀. Ilé àna ló ń gbé, ibẹ̀ kún fún èèyàn, kò níyì kankan níbẹ̀. Ilé àna yẹn, ilé gidi kan ní Chaguanas ni Naipaul wò kọ ọ́. Lion House ni wọ́n ń pè é, ó wà lẹ́bàá títì ńlá, funfun, àwọn kìnnìún tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ sì wà níwájú rẹ̀. Mo ti gba iwájú ilé yẹn kọjá ní 2009! Mo ti rí i, mo ní "ilé àtijọ́ rèé," mo ń bá ẹ̀pà mi lọ. Lọ́dún 2013, mo ní kí ọlọ́kọ̀ dúró. Mo dúró síwájú ilé náà títí ọkọ mi fi ní, "Ṣé o jẹ wọ́n ní gbèsè ni?" Ilé kan náà, ojú kan náà. Ìwé ló wà láàárín.

Ta ló sì yẹ kó mọ ìyà Biswas ju àwa tí a ti háyà yàrá ní London rí, tí onílé ń ka iye ìgbà tí a wẹ̀?

Ṣùgbọ́n mo ní ìkìlọ̀ kan. Ẹnu Naipaul mú, ó sì sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí erékùṣù tó bí i. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001, síbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ kò tíì bá a parí ìjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú ní 2018. Mo dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ nílé àwọn àna wa, bàbá ìyàwó Táyọ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. Ẹ kà á, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí níwájú wọn.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn ni Earl Lovelace. Ìwé rẹ̀ ti 1979 dá lórí àwọn tálákà orí òkè kan ní Port of Spain. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Aldrick, tó jẹ́ pé lọ́dọọdún ló ń rán aṣọ dírágónì kan náà fún Carnival. Ọdún kan gbáko ni rírán, ọjọ́ méjì péré ni wíwọ̀. Kí ló ń wá? Mi ò ní sọ. Ẹni tó bá ti rí eégún tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀kú rẹ̀ kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Ẹ ò ní bá Carnival o, ṣáájú Ààwẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá gbójú sókè wo òkè Laventille, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ìwé atọ́nà ní "ẹ má dé" nìkan ni. Láti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni ìlù irin, steelpan, ti jáde wá.

Sam Selvon náà wà, 1952, lórí tọkọtaya ọmọ Íńdíà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn ní Barataria nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó rọrùn láti kà. Ẹni tó bá fẹ́ràn kíríkẹ́ẹ̀tì, kó wá C.L.R. James, 1963, tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú fèrèsé ilé wọn ní Tunapuna níbi tó ti ń wo pápá. Èmi kò mọ kíríkẹ́ẹ̀tì títí di òní, mo kà á tán.

Kí ẹ tó lọ ni kí ẹ ka àwọn wọ̀nyí. Ẹ má sọ pé etíkun lẹ ó ti kà wọ́n. Mo mọ̀ yín.

Ó wá kù sórí ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ yín torí rẹ̀ ń lọ: tiwa. Ṣé Yorùbá wà ní Trinidad?

Ó wà. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí pátápátá ní 1838, àwọn tó ni oko ìrèké ń wá òṣìṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì ń gba àwọn èèyàn wa sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn lọ tà, wọ́n ń já wọn sí Freetown. Láti 1841, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lára wọn lọ sí Trinidad. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: àwọn wọ̀nyí kò dé gẹ́gẹ́ bí ẹrú, wọ́n sì dé nígbà tó ti pẹ́, ìdí nìyẹn tí èdè fi pẹ́ lẹ́nu wọn. Maureen Warner-Lewis, ọmọ Trinidad, tọ àwọn arúgbó lọ, ó gba orin àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kù lẹ́nu wọn sílẹ̀. Ìwé orin náà jáde ní 1994, èyí tó dá lórí èdè náà jáde ní 1996. Tí ó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo ni ọmọ Yorùbá máa kà nípa Trinidad, mi ò ní bá a jà tó bá mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ ka orin ibẹ̀ sókè, ẹ má fojú kà á. Ohùn ti yí, ọ̀rọ̀ ti gé, ẹ ó wá ṣàdédé gbọ́ gbólóhùn kan tí ìyá yín máa ń sọ.

Ẹ ó bá èsúsú níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní sou-sou. Ẹ ó bá accra, àmọ́ ìyẹ̀fun àti ẹja oníyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀wà. Ẹ ó bá Ògún, Ṣàngó, Ọ̀ṣun, àti Shakpana tí ẹ̀yin àgbà mọ orúkọ tí à ń pè é nílé. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ tún ohùn wọn ṣe. Òfin kan wà níbẹ̀ láti 1917 tó ka ìsìn àwọn Shouter Baptist, àwọn onígbàgbọ́ tó da ìṣe Áfíríkà pọ̀ mọ́ ìsìn Kristi, léèwọ̀, àfi ní 1951 ni wọ́n tó fagi lé e. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ti di ọjọ́ ìsinmi fún wọn báyìí. Àwọn èèyàn tí a ti fi ọlọ́pàá lé kiri nítorí ìlù àti àdúrà, àwa tí a sọ tiwa nù nílé láìsí ọlọ́pàá la fẹ́ wá kọ́ wọn ní àmì ohùn?

Èyí ló bí ohun tó ń dùn mí. Ọmọ Yorùbá á dé Trinidad, ara rẹ̀ nìkan ló ń wá kiri. Nínú ètò ìkànìyàn 2011, àwọn ọmọ Íńdíà lé díẹ̀ ní ìdá márùndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ Áfíríkà bí ìdá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọkọ̀ ojú omi Fatel Razack ló kó àwọn ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1845, alágbàṣe tó tọwọ́ bọ̀wé fún ọdún márùn-ún nínú oko ìrèké. Ìyá ìyàwó Táyọ̀ gan-an, ìdajì rẹ̀ Íńdíà. Ẹni tó bá ka Warner-Lewis nìkan kò ní mọ bí òun ṣe máa kí ìyá yìí. Nítorí náà, ìwé kan nípa tiwa, ìwé kan nípa tiwọn. Selvon tàbí Naipaul á ṣe é.

Mo rí Alága tí wọ́n ń wo aago. Mo fẹ́ parí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹyẹ, ìwé Richard ffrench lórí ẹyẹ Trinidad àti Tobago, 1973, wọ́n ti tún un tẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó wúwo. Kò sí ẹni tó nílò rẹ̀ láti dá ẹyẹ pupa inú irà Caroni mọ̀ o. Ẹ kàn wọ ọkọ̀ ojú omi nírọ̀lẹ́, tí igi bá ń pupa díẹ̀díẹ̀, àwọn náà nìyẹn.

Ìwé mẹ́fà ni mo kó wá sórí tábìlì yẹn, kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ lè yá wọn, ẹ kọ orúkọ sínú ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mẹ́fà ni mo kà kí n tó dìde sọ̀rọ̀. Márùn-ún ni mo ń rí láti ibi tí mo dúró sí báyìí. Ti Lovelace ni kò sí níbẹ̀. Ẹni tó mú un, mi ò bínú, ẹ má dá a padà lónìí. Ẹ kà á tán ná. Ó yá, mo rí ọwọ́ bàbá tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ máa wí, sà.